Bí Mo Ṣe Pàtẹ Ara Mi Sínú Ìwé Àlejò

Ọjọ́ kan wà tí mo ti gbìyànjú títí kí n gbàgbé, ṣùgbọ́n tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù keje ọdún 1999, ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú òwúrọ̀. Aago náà dá mi lójú, nítorí pé aago ńlá kan wà lára ògiri níwájú mi, mo sì ń wò ó léraléra. Wákàtí kan péré ni wọ́n fún mi nídìí kọ̀ǹpútà. Ogún ìṣẹ́jú ti lọ, ojú ewé kan ṣoṣo tí mo ní kó ṣí kò sì tíì ṣí tán.

Ilé-Ifẹ̀ ni, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lójú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì. Mo ti parí ẹ̀kọ́ mi, mo ti sin ìjọba fún ọdún kan, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Òkè-Ogbó, mo ń retí iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, torí pé òun gan-an ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀sín. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé òjò máa rọ̀ lónìí, n óò kọ́kọ́ bi yín pé níbo, àti pé láti aago mélòó sí aago mélòó. Mojísọ́lá, ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ nígbà náà, tó jẹ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, máa ń sọ pé kí òun tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́nu mi, òun á ti bó ẹ̀gúsí kún agbọ̀n. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ń bi mí láwọn ìbéèrè kan. Kí ni oríkì mi? Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni mo ní? Kí ni mo fẹ́ fi ayé mi ṣe? Èsì mi kì í yí padà: "A óò sọ ọ́."

Bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò wọn ń pè ní Ọ̀gá Tíṣà, ti fi oṣù mẹ́ta ṣe ìwádìí mi bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ. Ohun kan náà ni gbogbo ẹni tó bi ní Òkè-Ogbó sọ fún un: "Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni." Ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ kì í ṣe ìwà, ó ní àgbò tó fẹ́ kan èèyàn náà máa ń kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́. Ó wá dá ọjọ́ fún wa. Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹjọ, òun yóò wá fojú ara òun rí ilé wa. Bí òun kò bá mọ irú ẹni tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà, kí Mojí gbàgbé mi.

Bàbá mi ní tirẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tó ṣe pẹ́ jù lọ ni títọ́jú ìwé àlejò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì: orúkọ rẹ, àdírẹ́sì rẹ, ẹni tí o wá rí, ohun tí o bá wá. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fi tọ́ wa dàgbà: "Ìwé tí o bá kọ ní àkọtì, irọ́ lo pa." Nílé wa, a kì í fi àlàfo sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá bi wá ní iye ọmọ tí a bí, tí a ò sì tíì bí, a óò kọ ọ́ pé, "Kò tíì sí, lágbára Ọlọ́run."

Ojú ewé tí mò ń dúró dè lọ́jọ́ náà jẹ́ ti àwọn ọmọ Yorùbá kan tó wà lókè òkun. Ọ̀rẹ́ kan ló júwe rẹ̀ fún mi, pé ìròyìn ilé àti àwòrán wà níbẹ̀. Nígbà tó ṣí tán, mo kà á tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí àpótí gbàgàdà kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: "Ìwé Àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ fún wa."

Ìwé àlejò! Mo dà bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ ní ìlú àjèjì. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀ kó tó ṣe é. Mo pe Bọ̀dá Kọ́lá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹnjiníà, ta ló ń ka ohun tí èèyàn bá kọ síbí?"

Ó ń tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ kan lọ́wọ́. Ó wo tèmi láti ọ̀ọ́kán. "Ẹni tó ni ín ni."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú bí ọjọ́ òní."

Mo rò ó wò. Ìwé àlejò tí bàbá mi tọ́jú, inú dúrọ́ọ̀ ló máa ń sùn, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ náà sì máa ń wà lápò bàbá mi. Ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ àti ohun tí Ẹnjiníà sọ bára mu. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló kù fún mi, n kò sì fẹ́ kó ṣòfò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Mo kọ orúkọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kọ oríkì mi, èyí tí n kò ní kọ síbí. Ẹ óò mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Mo kọ ọjọ́ ìbí mi, mo sì fi wákàtí rẹ̀ kún un. Mo kọ agbo ilé wa, iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe, àti pé màmá mi ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kọ bí mo ṣe ga tó. Mo kọ ọ́ pé AA ni ẹ̀jẹ̀ mi, pé kò sí wèrè ní ìdílé wa, kò sì sí wárápá, ṣùgbọ́n pé àbúrò bàbá mi kan máa ń han-run gidigidi, torí pé òtítọ́ ni. Mo kọ ọ́ pé mo fẹ́ bí ọmọ mẹ́rin, pé mo sì fẹ́ kọ́ ilé kan tí àwọn ìwé mi yóò ní yàrá tiwọn. N kò sọ èyí fún ẹnì kankan rí. Kò sẹ́ni tó ń wò mí lójú níbẹ̀. Àpótí funfun náà kàn dákẹ́, ó ń gba gbogbo ohun tí mo bá kó sínú rẹ̀.

Ó wá ku àdírẹ́sì. Ilé wa kò ní nọ́ńbà, bàbá mi sì máa ń sọ pé àdírẹ́sì tí kò lè mú àlejò délé kì í ṣe àdírẹ́sì. Nítorí náà mo júwe rẹ̀ láti Ẹnuwá níwájú ààfin: ọkọ̀ tí èèyàn máa wọ̀, ibi tó ti máa sọ̀, géètì aláwọ̀ ewé tí igi àgbálùmọ̀ wà níwájú rẹ̀. Mo kọ wákàtí tí a máa ń wà nílé. Mo fi nọ́ńbà fóònù Màmá Kẹ́mi, aládùúgbò wa, sí i, torí pé a ò ní tiwa. Mo wá kọ ọ́ pé bí àlejò kò bá bá ẹnikẹ́ni nílé, kó má ṣe dúró nínú oòrùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìwà ọmọlúàbí ni mo pe èyí. Mo tún gbogbo rẹ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì, bóyá mo ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ. N kò ṣì í. Ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo fi í ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń fá irùngbọ̀n, mo gbọ́ ohùn Màmá Kẹ́mi láti òdìkejì títì.

"Ìyàwó Akọ̀wé o! Ẹ ní kí ọmọ yín máa sáré bọ̀ o, òyìnbó ń pè é!"

Mo sáré kọjá títì pẹ̀lú ọṣẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Kì í ṣe òyìnbó. Ọmọbìnrin Yorùbá kan ni, ó ní Kánádà lòun wà.

"Ṣé ìwọ ni AA yẹn?" ló bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sọ fún àwọn kan lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Òun nìyí o! Ó wà lóòótọ́!" Fóònù sì kú.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni fóònù Màmá Kẹ́mi ti dún nítorí mi. Ní ìgbà kẹfà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ọmọ Akọ̀wé, jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ilé mi di ilé ìfìwéránṣẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Èyí tó pè lónìí bi mí bóyá lóòótọ́ lo ga tó bó o ṣe sọ. Mo ní kó dúró, kí n lọ gbé rúlà wá."

Mo jókòó, mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Nǹkan méjì ló lè fà á. Bóyá ẹni tó ni ìwé àlejò náà kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́, tó ń ròyìn mi fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tàbí kó jẹ́ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń kà á. Èkejì yìí kò bá ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ mi mu, nítorí náà mo jù ú nù. Ọgbọ́n ni mo fi ṣìnà, kì í ṣe agọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ọ̀gá Tíṣà wá, mo lọ jíṣẹ́ kan fún bàbá mi ní Ẹnuwá. Nígbà tí mo padà dé, màmá mi ń kọrin nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni," ó ní. "Ọmọ dáadáa. Ìyá tó bí i kò ní í kú ikú ìṣẹ́."

"Ọ̀rẹ́ mi wo, Màmá?"

"Èyí tí ẹ jọ sin ìjọba."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Ṣé èmi yóò tún máa bi ẹni tó ń fi oríkì pè ọ́ lórúkọ ni? Ó mọ ọjọ́ ìbí rẹ. Ó mọ ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ẹ̀yìnkùlé ló bá mi, níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Ó ní, 'Màmá, mo mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó, ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ wá kí yín, kí n má bàa ṣe bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́.' Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Nínú ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, mélòó ló ṣì ń dọ̀bálẹ̀ báyẹn?"

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó jẹ iyán, ó wẹ̀, ó sì gbé aṣọ tó o ní kó bá ẹ gbé."

"Aṣọ wo?"

"Bùbá àti ṣòkòtò tuntun tí mo rán fún ẹ torí Àìkú. Ó ní o fẹ́ kí télọ̀ kan bá ẹ fi òwú ṣiṣẹ́ sí i lọ́rùn. Ó dùn mí díẹ̀, torí èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n mo ní, ìwọ lo mọ ohun tó o fẹ́."

Ó ti gbé bàtà mi tó dára jù lọ pẹ̀lú rẹ̀, àti rédíò bàbá mi, èyí tó ní òun mọ ẹni tó lè tún un ṣe. Rédíò náà kò bàjẹ́. Bàbá mi gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ dì í sínú pépà fún un.

Mo sáré lọ bá Ẹnjiníà.

"Ẹnjiníà, ẹ ní ẹni tó ni ìwé àlejò yẹn ló ń kà á!"

"Òun náà ló ń kà á," ó ní, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Òun àti gbogbo ayé."

"Ẹ ò sọ ti gbogbo ayé fún mi!"

"O ò bi mí ní ti gbogbo ayé."

Ó ṣí ojú ewé náà, mo sì rí ohun tó yẹ kí n ti rí lọ́jọ́ kìíní bí mo bá ti fa ojú ewé náà wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ àwọn àlejò tó kù tò lọ bẹẹrẹ. Ìlà kan péré ni ti olúkúlùkù wọn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, láti Ìbàdàn." "Ọlọ́run á túbọ̀ ràn yín lọ́wọ́." Tèmi gba ojú ẹ̀rọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíi ti ẹni tí wọ́n ní kó yà wá kí ilé, tó ru bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dání.

Ta ló wá gbé aṣọ mi? N kò lè sọ. Ó lè jẹ́ ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà lẹ́yìn mi, torí pé n kò pa ojú ewé náà dé kí n tó dìde. Ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ohun tó dá mi lójú ni pé aṣọ náà kò padà wá mọ́. Mo bẹ Ẹnjiníà pé kó bá mi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó ní ẹni tó ni ojú ewé nìkan ló lè ṣe é, pé kí n fi ímeèlì bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Àìkú dé, èsì kò dé.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó nínú pálọ̀ wa, mo wọ bùbá bàbá mi, tí irú èmi méjì lè gbénú rẹ̀ láìjà. Ọ̀gá Tíṣà wà lórí àga tó dára jù lọ. Mojí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo bùbá náà bí ẹni tó ń wá mi nínú rẹ̀. A ti kíra, wọ́n ti mumi, ọ̀rọ̀ gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ dúró níta. Ìyá kan tó jọ ẹni iyì wọlé, pẹ̀lú ọkùnrin onífìlà kan tó ru iṣu mẹ́fà, tó tún gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa dání.

Màmá mi rò pé ẹbí Mojí ni wọ́n, ó kúnlẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà rò pé ẹbí wa ni wọ́n, ó dìde. Àwọn fúnra wọn rò pé àwọn la jókòó dè; inú wọn dùn. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sẹ́ni tí kò kí ẹnì kejì. A kí ilé, a kí ọ̀nà, a kí oko, a kí òjò. Bàbá mi tiẹ̀ tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Àwọn àna rẹ mọ̀wà hù. Wọ́n tiẹ̀ gbé iṣu dání."

Ìyá náà wá wú ikọ́. "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn wa. Màmá Abẹ́kẹ́ ni wọ́n ń pè mí, láti Ẹdúnàbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Orí ọ̀rọ̀ ọmọ yín tó ń wá aya la bá wá."

"Tó ń wá kí ni?" Ọ̀gá Tíṣà ní.

"Aya ni, Bàbá. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Jámánì. Òun ló rí i nínú kọ̀ǹpútà, tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, tó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ní ọmọbìnrin kan nílé, nọ́ọ̀sì ni. Ohun tí alárinà ì bá fi oṣù mẹ́fà wádìí, ọmọ yín ti kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, títí kan ọ̀nà ilé. Mo ní, àwa tí a wà nítòsí níbí, kí la tún ń dúró ṣe?" Ó fa ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin yọ nínú báàgì rẹ̀.

Bàbá mi ti dìde. "Ìyá, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò tíì rí ibi tí ẹbí ìyàwó ti ń wá tọrọ ọkọ."

"Bàbá, a ò tọrọ ọkọ. Ọkọ ló pàtẹ ara rẹ̀. Ẹni tó pàtẹ, ṣé ó tún ń bínú sí ẹni tó yà wò ó ni?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo la ẹnu, ohun tó sì jáde ni pé, "Ó dá lórí ohun tí ẹ bá pè ní pàtẹ."

Ọ̀gá Tíṣà na ọwọ́. Màmá Abẹ́kẹ́ fún un ní ìwé náà. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó yọ báírò pupa kan lápò, mo sì mọ̀ pé ó parí fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ó ń máàkì í bó ṣe ń lọ.

"'Ẹ̀jẹ̀: AA.' Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà."

Ó máàkì í. "'Àbúrò bàbá mi kan máa ń han-run.' Òótọ́ ni?"

"Èyí kò nílò ẹ̀rí," ni màmá mi dá lóhùn.

"'Kò sí wèrè ní ìdílé wa.'" Ó gbé ojú sókè, ó wo bàbá mi. "Akọ̀wé?"

"Títí di oṣù tó kọjá, kò sí," ni bàbá mi wí.

Nígbà tó dé orí ọmọ mẹ́rin àti yàrá ìwé, màmá mi ti sọ ti olè aṣọ àti ti ìpè Kánádà fún Mojí tán, Mojí sì dìde. Ó jáde lọ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Mo tẹ̀ lé e, mo fọwọ́ méjèèjì ká bùbá mọ́ra.

"Oṣù mẹ́jọ," ó ní. "Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń bi ẹ́ ní oríkì rẹ. Ará Jámánì mọ̀ ọ́n. Ará Kánádà mọ̀ ọ́n. Olè tó kó aṣọ rẹ mọ̀ ọ́n! Àbí èmi nìkan ni àjèjì ní gbogbo ayé yìí ni?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe wá jẹ́? Má sọ fún mi pé a óò sọ ọ́ o."

Mo ronú, torí pé ìbéèrè náà yẹ ní ríronú sí. "Ojú rẹ ni," mo ní. "Bó o bá ti ń wò mí, mo máa ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi kọ́kọ́ gún régé, kó sì tó gún, àyè rẹ̀ ti kọjá. Kọ̀ǹpútà yẹn kò lójú."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà, ó yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó dojú kọ igi.

"Ó dáa. Èmi náà ò lójú mọ́. Sọ̀rọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, mo sì sọ̀rọ̀ ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ. Mo sọ oríkì mi fún un, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, láti wò ó bóyá ó bá a lẹ́nu mu. Mo sọ nǹkan mẹ́ta mìíràn fún un, tí kò sí nínú ìwé àlejò kankan, tí n kò sì ní kọ síbí. Nígbà tí mo dé ẹ̀kẹta, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Bùbá yẹn," ó ní, kò tíì lè yíjú padà. "Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi bí àsíá. Mi ò lè bínú dáadáa."

Nígbà tí a padà wọlé, Màmá Abẹ́kẹ́ ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ó kí Mojí ní aya, ó súre fún un. Ó ní iṣu kì í padà sóko, kí wọ́n gbé e wọ ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n kó tó wọ ọkọ̀, ó bi màmá mi bóyá àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń han-run yẹn ní ìyàwó nílé, torí pé òun fúnra òun ti di opó láti ọjọ́ pípẹ́, ilé òun sì dákẹ́ jù.

Ọ̀gá Tíṣà ló kẹ́yìn. Ó ká ìwé náà, ó fi lé Mojí lọ́wọ́.

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ohun tí ìwọ fi wákàtí kan sọ fún gbogbo ayé," ó ní. "Òtítọ́ lo kọ. N kò rí irọ́ kan nínú rẹ̀, mo sì ti fẹ́ kí n rí i. Ṣùgbọ́n n kò ní í fi ọmọ mi sínú ilé tí gbogbo ayé mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Lọ pa á rẹ́. Ọjọ́ tí Mojí bá fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́, kí àwọn òbí rẹ wá bá mi."

Kí Ọ̀gá Tíṣà tó dé géètì, màmá mi ti gbé kọ́kọ́rọ́ kúrò lábẹ́ ìkòkò òdòdó. Ṣùgbọ́n ìwé àlejò kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ni ojú ewé náà fèsì sí ímeèlì mi. Ó ní gbogbo wọn ti gbádùn ọ̀rọ̀ mi gan-an. Ó ní òun ṣe tán láti yọ ọ́, ṣùgbọ́n báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé èmi gan-an ni mo kọ̀wé? Mo fi orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi àti orúkọ agbo ilé wa ránṣẹ́ sí i. Ó ní gbogbo ìyẹn ti wà lójú ewé náà, pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kà lè sọ ọ́. Ó ní kí n sọ ohun kan nípa ara mi tí kò sí níbẹ̀.

Mo jókòó níwájú ẹ̀rọ, mo wá inú ara mi títí. Gbogbo ohun tí ì bá jẹ́ ẹ̀rí pé èmi ni èmi, mo ti fi tọrẹ. Mo sọ fún Mojí pé ó ku nǹkan mẹ́ta yẹn péré.

"Àwọn yẹn kọ́," ó ní. "Tèmi ni wọ́n."

Bàbá mi ló gbà wá. Ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ àtijọ́ jáde, ó tẹ lẹ́tà kan, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi í ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ sí àdírẹ́sì òkè òkun tó wà lójú ewé náà. Mo kà á kó tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní: "Ọmọ mi ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́." Ìyókù ìwé náà funfun láti òkè dé ilẹ̀. N kò rí bàbá mi kí ó fi àlàfo tó báyẹn sílẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kọkànlá, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, èmi àti Mojí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Ẹnjiníà. Ojú ewé náà fi sùúrù ṣí. Mojí fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. "Kò sí mọ́," ó ní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn òbí mi lọ bá Ọ̀gá Tíṣà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti dán an wò. Kí o tó kọ ohunkóhun síbi tí o kò ti lè rí ojú ẹni tó ń kà á, bi ara rẹ bóyá o lè dúró ní gbàgede Ẹnuwá, kí o fi ohùn rara ké e. Bí o kò bá lè ké e níbẹ̀, má kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó sì yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, sọ fún un, kódà bí ó bá di dandan kó kọ ẹ̀yìn sí ẹ.

Mo ṣì máa ń rẹ́rìn-ín ara mi bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó já sí kòtò tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Àwọn kan ní àbúrò bàbá mi ti lọ sí Ẹdúnàbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹrin. Òun ní iṣu lòun lọ rà. N kò bá a lọ, nítorí náà n kò lè jẹ́rìí. Bóyá ẹlòmíràn tún tẹ ọ̀rọ̀ mi sórí ìwé níbòmíràn kí wọ́n tó yọ ọ́, ìyẹn náà n kò mọ̀. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ̀ ni pé ẹ̀dà kan ṣì wà láyé, èyí tí wọ́n fi báírò pupa máàkì, pé ọwọ́ ìyàwó mi ló wà, àti pé kò tíì sọ ibi tó fi í pamọ́ sí fún mi. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀ òní. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ní, "A óò sọ ọ́."